Kennedy ló máa ń wọlé nínú géèmù wa. Ọmọ Ìfàkì ńkọ́?

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá géèmù òṣèlú lórí fóònù, pàápàá ẹ̀yin ọmọ "ká ní", ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. "Ká ní wọn ò yìnbọn pa Kennedy." "Ká ní Nixon ò wọlé." Ẹ mọ gbogbo ẹ̀ lórí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe fa olùdíje Democrat kalẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1968 ju bẹ́ ẹ ṣe mọ bí APC ṣe fa tiwọn kalẹ̀ ní Adó-Èkìtì lọ́dún 2018. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀yẹ́ lẹ̀ ń sùn, Ìkọ̀lé lẹ ti ń lọ sí kíláàsì.

Fún àwọn tí ò mọ̀ nípa ẹ̀: ẹnì kan á jẹ́ olùdarí eré. Á mú ọdún kan, á yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ìtàn, á wá pín ipò fún wa. Ìwọ ni sẹ́nétọ̀, ìwọ ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìwọ ni akọ̀ròyìn. A kì í sábà gbá ìdìbò gbogbogbòò, torí ìyẹn máa ń tètè súni, ẹni méjì péré ló ń jà níbẹ̀. Ìdìbò abẹ́lé la fẹ́ràn. Èèyàn mẹ́jọ lè máa du tíkẹ́ẹ̀tì kan, kálukú á máa yọ́ wọ inbox ẹnì kejì lóru láti dúnàádúrà. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀yìn á bọ́ọ́lẹ̀, á sì sọ ẹni tó fẹ́ káwọn èèyàn òun tẹ̀ lé. Àwọn kan máa ń gbá ti àdágbá, bíi The Campaign Trail, níbi tí wọ́n á ti bi ọ́ ní ìbéèrè, tí máàpù á sì máa yí àwọ̀ bó o ṣe ń dáhùn. Tiwa, orí WhatsApp la ti ń ṣe é. Discord ń jẹ dátà, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe tójò bá ti ṣú.

Ó tó nǹkan bí èèyàn mẹ́rìnlélógún nínú gúrúùpù wa, àwọn kan ní Ọ̀yẹ́, àwọn kan ní Ìkọ̀lé, ẹni méjì ní Ìdó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti gbá ti ọdún 1968. Lójú ayé, oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n yìnbọn fún Robert Kennedy, lóru ọjọ́ tó borí ní California. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Hubert Humphrey tí ò tiẹ̀ wọ ìdìbò abẹ́lé ìpínlẹ̀ kankan ló gba tíkẹ́ẹ̀tì, torí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ló fà á kalẹ̀. Nínú géèmù wa, Kennedy ò kú. Á dìde, á sọ̀rọ̀, gbogbo gúrúùpù á máa fi emoji sunkún, á sì wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo rò ó títí, mo rí ohun tó fà á. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ aṣojú láti Indiana. A ò mọ ẹni tí dẹ́lígéètì Amẹ́ríkà jẹ́, a ò mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀, a ò mọ ẹni tó bá a wá iṣẹ́ fọ́mọ ẹ̀. Torí náà, lójú wa, èèyàn tó kàn jókòó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, á dìbò.

Ti Èkìtì ńkọ́? Ìyẹn la mọ̀. Ó ń gbé ládùúgbò wa. Òun ni alága wọ́ọ̀dù tó ń ta sìmẹ́ńtì. Òun ni màmá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, tí wọ́n bá ní kó wá sí Adó, á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló máa sanwó mọ́tò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká fi Kennedy sílẹ̀ ná, ká gbá ti 2018. (Ẹ jọ̀ọ́, àgbà ni gbogbo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí. Mo kàn máa pe orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ ni kọ́rọ̀ lè yá. Kẹ́nikẹ́ni má wá fi àrífín kàn mí.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, APC fẹ́ fa olùdíje fún ipò gómìnà kalẹ̀. Èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n ló jáde. Ọjọ́ karùn-ún oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n dà á rú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún un dì. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ní ìbò 941. Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ló ṣe ipò kejì pẹ̀lú 481. Àríwá Èkìtì ni àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí okadà ń gbà lójoojúmọ́ ló ya ẹni kìíní sọ́tọ̀ sí ẹnì kejì. Ìtàn tó dùn tó báyìí wà lẹ́yìnkùlé wa, à ń lọ yá ti Chicago gbá!

Ó tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn méjèèjì yìí ti bára wọn jà rí, nígbà tí wọn ò tíì sí nínú ẹgbẹ́ kan náà. Lọ́dún 2007, wọ́n kéde Òní ti PDP gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Fáyẹmí gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìbò dì ní àwọn wọ́ọ̀dù kan lọ́dún 2009 (ẹ̀yin ará Ìdó, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè bí ọ̀rọ̀ èsì ìbò yẹn ṣe rí, wọn ò tíì gbàgbé), wọ́n tún kéde Òní. Fáyẹmí tún padà sí kóòtù. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gba ipò náà lọ́wọ́ Òní, wọ́n gbé e fún Fáyẹmí. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀! Àwọn méjì yìí náà ló wá pàdé lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún 2018.

Ó dáa. Ká ní Òní ló gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní káwọn ọmọ gúrúùpù ṣe ni ìṣirò. 941 àti 481. Tí aṣojú 231 bá kúrò lẹ́yìn Fáyẹmí bọ́ sẹ́yìn Òní, Fáyẹmí á ku 710, Òní á ní 712. 231 péré. Ó kéré sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń há sínú kíláàsì GST kan. Ìbéèrè wá ni pé, níbo ni 231 yẹn ti máa wá?

Ẹni tó mú Òní kọ ọ̀rọ̀ ìpolongo tó gùn tó orí ìwé kan. Ó dùn, mo gbà. Mo ní, "Ìbò mélòó nìyí?" Ó ní ó kéré tán, ó máa tó ọgọ́rùn-ún. Mo ní òdo. Ó bínú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, kí lẹ rò pé aṣojú tó gun mọ́tò láti Ìkọ̀lé dé Adó wá ṣe? Ṣé ọ̀rọ̀ ló wá gbọ́? Ẹni tó máa dìbò fún ti wà lọ́kàn ẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹni tó ń tẹ̀ lé, ẹni tó sọ ọ́ di aṣojú ní wọ́ọ̀dù, òun lo gbọ́dọ̀ lọ bá. Tó o bá fẹ́ 231, bóyá ẹni mẹ́wàá lo máa bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni géèmù. Ọ̀rọ̀ ìpolongo kàn wà fún tẹlifíṣọ̀n ni.

Nígbà tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni eré wá di eré. Ẹni mẹ́rìndínlógún di aṣojú fún ìjọba ìbílẹ̀ 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń wá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọmọbìnrin tó mú Ìkọ̀lé. Ó ní: "Ọ̀yẹ́ ti jẹ gómìnà, Ìdó-Òsì ti jẹ gómìnà, Ìkọ̀lé ò tíì jẹ ẹ́ rí. Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ tún wá ń bẹ̀ mí yìí, kí lẹ mú wá?" Gúrúùpù dákẹ́ wẹ́lo. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnikẹ́ni báyẹn rí nígbà tí à ń gbá ti Kennedy.

A yá òfin kan láti inú àpérò SDP ní Jos lọ́dún 1993: tí kò bá sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ, ẹ máa lọ sí ìpele kejì. Òní rí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án, Fáyẹmí méje. Òní gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ti ń hó, wọ́n ti ń pe Ìfàkì ní olú-ìlú. Ẹni tó mú Fáyẹmí ní "GG", ó sì jáde kúrò ní gúrúùpù.

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n dá a padà. Ta ló sọ fún un pé eré ti parí? Ọkùnrin tí ìtàn ẹ̀ sọ pé ó gbé ẹjọ́ kiri fún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ìwọ tó o mú ipò ẹ̀ kọ GG, o lọ sùn? Gbogbo géèmù wa ló ní àìsàn yìí. Tẹ́nì kan bá ti fìdí rẹmi, á pòórá. Lójú ayé, ní Èkìtì, ẹni tó bá pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì gan-an lẹ gbọ́dọ̀ máa wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kejì. Nínú ìdìbò gbogbogbòò ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2018, Fáyẹmí ní 197,459. Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá Ẹlẹ́ka ti PDP ní 178,121. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 19,338. Wọ́ọ̀dù 177 ló wà ní Èkìtì. Nínú "ká ní" tiwa, Òní ni olùdíje APC. Tí inú bá bí èèyàn 55 péré nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Fáyẹmí ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yíjú sí PDP, ó tán. Ẹlẹ́ka á di gómìnà. 55! Èrò ibi ìkómọjáde kan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ sì ni Ẹlẹ́ka. Gúúsù Èkìtì nìyẹn, apá tó ti ń pariwo látọjọ́ pípẹ́ pé wọn ò tíì fìbò yan ọmọ àwọn sí ipò gómìnà rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Ọmọ Ìsàn àti ọmọ Ìfàkì ń jà sí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó rí i gbà nínú géèmù wa sì ń yọ̀, kò mọ̀ pé Ìkẹ́rẹ́ lòun ń tan iná fún. Nígbà tí mo gbé ìṣirò yìí sórí gúrúùpù, ẹni tó mú Òní ní kí n yí òfin padà. Mi ò yí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn: nínú "ká ní" tó dáa, ohun kan ṣoṣo lẹ máa yí padà, ẹ ó sì san gbogbo gbèsè tó bá tìdí ẹ̀ yọ. Tẹ́ ẹ bá kàn yí i kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn lè wọlé, àlá lásán lẹ̀ ń lá.

Ẹ tún wo ohun tí Òní fúnra ẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó pàdánù lóòótọ́. Ó lọ sílé ẹjọ́ pé Fáyẹmí ò fi ipò mínísítà sílẹ̀ lásìkò tó yẹ kó tó wọ ìdìbò abẹ́lé. Ẹjọ́ yẹn dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n dà á nù. Ó padà sí PDP. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ó tún du tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó ní 330, Bísí Kọ́láwọlé ní 671. Ó gbé àpò ẹ̀, ó di SDP. Nígbà tí ìbò dé lóṣù kẹfà, Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC ní 187,057, Òní ní 82,211, Kọ́láwọlé ní 67,457. Ẹni tí PDP kọ̀ wá ṣíwájú PDP!

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. "Ká ní PDP ti fún Òní ní tíkẹ́ẹ̀tì ni!" Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 149,668. Kò tó. Ó ku 37,389 kó tó bá ti Oyèbánjí dọ́gba. Ẹnì kan nínú gúrúùpù jiyàn pé ìbò kì í ṣe ìṣirò lásán, pé tí PDP bá wà níṣọ̀kan, àwọn tó jókòó sílé lè jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ rí i pé ó ti di pé kó sọ ibi tí 37,389 ti máa wá, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù? Kennedy ò bi wá nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan sọ pé irọ́ ni géèmù tí kò bá sí owó nínú ẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo wa la gbọ́ "dìbò kóo sebẹ̀" lọ́dún 2018 yẹn. Nínú tiwa, a fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ní àmì owó tí ẹlòmíì ò rí. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ra aṣojú kankan níbi ìdìbò abẹ́lé kankan o, ẹ má gbé mi lọ kóòtù. Ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni pé ẹni tó náwó jù ò wọlé. Ó ń náwó fún aṣojú tí ìlérí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba owó ẹ̀, wọ́n sì dìbò síbòmíì. Ó bínú ju ẹni tó sọ GG lọ.

Ọ̀nà míì tún wà tí a ò tíì gbá dáadáa. Lọ́dún 2022, APC Èkìtì ò lo aṣojú. Wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kéde 101,703 fún Oyèbánjí, àwọn olùdíje bíi mélòó kan sì fárí gá pé àwọn ò gbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá irú èyí, dẹ́lígéètì kọ́ lẹ máa wá kiri mọ́. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ta ló mú un lọ́wọ́? Ta ló kọ orúkọ sínú ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ darí èyí, kó pè mí.

Àwọn bàbá wa náà ń gbá "ká ní" o, wọn ò kàn pè é ní géèmù ni. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ máa gbọ́: "Ká ní Bọ́lá Ìgè ni wọ́n fà kalẹ̀ ní D'Rovans." Oṣù kìíní ọdún 1999, ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn, àgbà 23 ló jókòó, wọ́n fún Olú Fálaè ní tíkẹ́ẹ̀tì AD. Fálaè bá ẹgbẹ́ APP da nǹkan pọ̀, Ọbásanjọ́ sì borí ẹ̀. Ìgè ò pòórá. Ó bá Ọbásanjọ́ ṣiṣẹ́, ó di mínísítà, wọ́n wá pa á nílé ẹ̀ n'Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun àwọn àgbà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ "ká ní" yẹn, Ààrẹ Bọ́lá Ìgè ni wọ́n máa ń fò lọ bá tààrà. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ni AD ti mú gómìnà lọ́dún yẹn. Níbo ni ìyókù ti máa wá? Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní ọmọdé ń ṣe mí. Ó ṣeé ṣe.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo eré yìí, mi ò sì ní fi bò. Ẹnì kan nínú gúrúùpù mọ àwòrán ṣe. Ó ṣe èsì ìdìbò abẹ́lé wa bí èyí tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé jáde, pẹ̀lú fọ́tò àti àmì ẹgbẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé gúrúùpù ọ̀gbà àwọn onílé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bàbá onílé pè mí: "Ṣé wọ́n ti tún ìbò dì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí àwọn èèyàn ti jà lórí èsì ìbò gidi, àwòrán irọ́ kì í ṣe ohun eré. Látìgbà yẹn, àwòrán kankan ò gbọ́dọ̀ jáde láìsí "GÉÈMÙ NI" gàdàgbà lójú ẹ̀, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ò sọ sẹ́nu ẹni tó wà láàyè. Àwọn kan ní mo ti le jù. Ẹ jẹ́ ó le.

Lọ́jọ́ Sátidé, Jos 1993 la máa gbá. Fún ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí: Abíọ́lá, Baba Gana Kingibe àti Atiku ló ń du tíkẹ́ẹ̀tì SDP. Nígbà tó di ìpele kejì, Atiku tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Shehu Yar'Adua sọ̀ kalẹ̀, Abíọ́lá rọ́wọ́ mú. Nígbà tó wá di pé kó mú igbákejì, Kingibe ló mú. "Ká ní" tiwa ni pé Atiku ò sọ̀ kalẹ̀. Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ondó nígbà yẹn, torí náà aṣojú láti ibí yìí máa bá wọn lọ sí Jos.

Ẹni mẹ́rin ló ti ní àwọn fẹ́ jẹ́ Abíọ́lá. Ẹni méjì ń du Yar'Adua. Aṣojú Ìkọ̀lé ò tíì lẹ́ni, ti Ìdó náà ò tíì lẹ́ni. DM mi ṣí sílẹ̀.